Ta Ló Máa Parí Orin Yìí?

Ẹ sún mọ́bí. Ẹni tó bá rí àga kó jókòó, ẹni tí kò bá rí kó fi ìdí lé ẹ̀gbẹ́ àga ẹnìkejì rẹ̀. Ilé wa ní Thamesmead nílùú òyìnbó yìí kò fẹ̀, ṣùgbọ́n kò lé èèyàn rí. Àpótí onígi tí mo jókòó lé yìí nìkan ni mi ò lè fi lọ̀ yín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yẹ̀, ó sì ní ìtàn. Ìtàn ọ̀hún ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má wo aago o. Ọmọkùnrin kan wà tó wo aago lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti gbé èèyàn láti Abbey Wood dé Woolwich, mo ti gbé wọn padà, títí mo fi mọ ibi tí oníkálukú máa sọ̀ kó tó tẹ bẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ oúnjẹ nìyẹn. Iṣẹ́ inú mi ni béèsì, gìtá olókùn mẹ́rin tó nípọn, tó máa ń dún lábẹ́ orin bí àgbà tó ń dáhùn “hùn-ùn” nígbà tí wọ́n ń ro ẹjọ́ fún un. Láti Ìjẹ̀bú ni mo ti ń ta á, mo ta á dé Èkó, mo gbé e wọ bàálù. Òun ni mo sì ń ta ní ìjọ wa títí dòní.

Gbọ̀ngàn kékeré kan wà ní Morris Walk kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ibẹ̀. Ibẹ̀ ni àwa olórin ìjọ ti máa ń dánra wò ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n sì fún wa láyè di aago mẹ́ta. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ orin ìyìn. Orin ìyìn kì í parí fúnra rẹ̀. Pásítọ̀ ló ń gbé ọwọ́ sókè kó tó parí. Níbi tí pásítọ̀ kò bá sì sí, ọwọ́ ta ni yóò gòkè? Aago mẹ́ta kọjá lórí wa bí ẹyẹ, a ò mọ̀.

Òyìnbó kan ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Irun rẹ̀ funfun, ó fi rọ́bà dì í sẹ́yìn, gìtá sì wà léjìká rẹ̀. Òun ló ni gbọ̀ngàn náà láti aago mẹ́ta. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó fara ti ògiri. Ó tún wo aago. Mo sọ nínú ara mi pé ó di dandan kí ọkùnrin yìí lọ pe onílé wá. Àfi bó ṣe wọlé, tó ki wáyà gìtá rẹ̀ bọ sípíkà kan tó ṣófo, tó sì bá wa tà á. Kò mọ orin náà, kò mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n gìtá rẹ̀ wọ inú orin bí àlejò tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó tó tẹ ẹní onílé.

Nígbà tí a jàjà dákẹ́, ó nu iwájú orí. Ó ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń fà á gùn ní gbogbo ìgbà?”

Mo ní, “Èwo là ń pè ní gígùn? A ò tíì wọ inú rẹ̀.”

Ó ní, “Ẹ̀yin yìí gan-an ni mo ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́.”

Gẹ̀ẹ́sì Woolwich ló ń sọ o, ẹnu tèmi ni mo fi ń gbé e wá fún yín. Yorùbá kan ṣoṣo tó mọ̀ ni “Ẹ pẹ̀lẹ́”, ó sì ń ná an sórí ohun gbogbo. Èèyàn sín, ẹ pẹ̀lẹ́. Òjò rọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Tí tíì bá gbóná jù, ó máa ń bá tíì náà kẹ́dùn.

Ọ̀gá ni mo sọ ọ́. Inú ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé mọ́tò sọdá odò ní Woolwich ló ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Láti etí odò yìí sí etí ọ̀hún, láti etí ọ̀hún sí etí yìí, ibi tó rin ìrìn àjò dé láyé rẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, orin àwọn ará Amẹ́ríkà ló wà lọ́kàn rẹ̀, ti apá gúúsù ilẹ̀ wọn, níbi tí oòrùn ti ń pa òwú lóko. Rọ́ọ̀kì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sáré kọ láti fi gba àtẹ́wọ́. Èyí táwọn gìtá máa ń jókòó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ni: ọ̀kan á dá a, èkejì á gbà á, wọ́n á fi ọ̀nà sílẹ̀, wọ́n á wọ igbó, wọ́n á tún fẹsẹ̀ wá ọ̀nà padà. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ sórí ẹ̀rọ fún mi nílé rẹ̀ ní Woolwich Dockyard, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ọ̀gá, ọ̀sán Sátidé wa lèyí o. Ta ló kó o dé Amẹ́ríkà?”

Ẹnìkẹta wa nínú ẹgbẹ́ olórin tí ọ̀gá dá sílẹ̀ ni ọmọbìnrin tó ń lu ìlù jáàsì ní ìjọ wa, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tí wọ́n ń fi igi lù. Físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló gbé e dé. Ó ń lọ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóògùn, ó ń gbọ́ ìtàn wọn. Bó bá wá di Sátidé, ó máa ń lu ìlù náà bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lókùn. Èmi ló ń pè ní Daddy, ọ̀gá ló ń pè ní Uncle. Kò sí ọjọ́ tó máa dé tí kò ní kúnlẹ̀ kí àwa méjèèjì. Òyìnbó náà kọ́kọ́ rò pé nǹkan bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ó bá a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá a kiri.

A ti ń ta orin káàkiri bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ní gbọ̀ngàn, ní ṣọ́ọ̀bù tíì, níbi ọdún àdúgbò, kí n tó ṣàkíyèsí ọwọ́ ọ̀gá. Ọwọ́ òsì ni, èyí tó fi ń tẹ okùn. Ó gbé ife lọ́jọ́ kan, tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú rẹ̀, ó dà sí i lẹ́sẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ rí i. Iṣẹ́ rẹ̀ kúkú ni. “Uncle, ó ti tó ìgbà wo?”

Ọ̀gá gbé ife sílẹ̀. Ó ní dókítà ti sọ ọ́ fún òun: àìsàn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n ni. Kì í kánjú, ṣùgbọ́n tó bá ti dé, kì í lọ mọ́. Bí òun bá lo oògùn láàárọ̀, ọwọ́ náà á fara balẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi se ẹ̀wà tí kò lágídí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọ̀la.

“Mo fẹ́ ṣe àwo orin kan kí ọwọ́ yìí tó lọ,” ló wí. “Ẹyọ kan péré. Àwo gidi, èyí tí abẹ́rẹ́ ń rìn lórí rẹ̀, téèyàn ń gbé dání. Nígbà tí ọwọ́ mi kò bá lè ta nǹkan kan mọ́, ó ṣì lè di ìyẹn mú.”

Ọmọbìnrin náà ló la ohùn: “Ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀, Uncle?”

Bí a ṣe dé sítúdíò nìyẹn. Yàrá kan tí kò ní fèrèsé ni, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, kò jìnnà sí odò. Ọmọkùnrin Yorùbá kan ló ni ín. Woolwich ni wọ́n bí i sí, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó lọ́mọ méjì. Yorùbá rẹ̀ já gaara, àfi pé ọ̀wọ̀ kò sí nínú rẹ̀ rárá. Bákan náà ló ń bá èmi, ìyá rẹ̀ àti ajá rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Daddy, o ti dé? Jókòó síbẹ̀. O fẹ́ water?” Ọmọbìnrin onílù máa ń di ojú tó bá ti ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún. Ṣùgbọ́n ọmọ rere ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dénú eegun.

Ó fún wa ní àárọ̀ Sátidé mẹ́rin, nítorí ìgbà tí ọwọ́ ọ̀gá ń fara balẹ̀ nìyẹn. Sátidé méjì àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́: orin kúkúrú mẹ́rin fún ojú kìíní àwo. Àga onílù tó wà níbẹ̀ ló kúrú jù fún ọmọbìnrin náà, orúnkún rẹ̀ ń kan ìlù. Ọ̀gá bá gbé àpótí gíga inú ìdáná rẹ̀ wá fún un láti ilé. Ẹsẹ̀ kan yẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n ká páálí sábẹ́ ẹ̀. Ẹ ti mọ àpótí náà.

Ojú kejì àwo ló wá di wàhálà. Ọ̀gá fẹ́ kí orin kan ṣoṣo gba ojú náà pátá, orin tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi. Kò lọ́rọ̀ nínú. Kùrukùru bo odò, ọkọ̀ ń wá etí odò, fèrè ń ké. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ní Sátidé kẹta, onísítúdíò jókòó lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀, ó gbé ìka sókè. “Ẹ gbọ́, all of you. Twenty minutes. Ojú àwo ò lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jù ú, sound máa tín-ín-rín, á dà bí ẹ̀fọn. Daddy, o gbọ́ mi? O máa stop.”

Mo ní, “Mo gbọ́.”

A bẹ̀rẹ̀. Orin náà dùn, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó dé ibi tó yẹ kó gúnlẹ̀ sí, ó yí po, ó kọjá lọ. Ó padà wá, ó tún kọjá. Nígbà tí a fi máa dákẹ́, onísítúdíò ti gbé orí lé tábìlì. “Thirty-one minutes,” ló wí, láì gbójú sókè. “Ṣé ẹ̀ ń bá ara yín jà ni?”

A tún un ṣe. Ọ̀gá ti ń fún ọwọ́ òsì rẹ̀ pọ̀ mọ́ abíyá kó lè móoru. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, a ti kọjá ogún ìṣẹ́jú dáadáa, a ò tíì mọ ẹni tó máa kí wa pé ó dàárọ̀, nígbà tí mo gbọ́ tí gìtá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kan tí kò yé ẹnikẹ́ni. Ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gan mọ́ okùn. Ọmọbìnrin náà ju igi ìlù sílẹ̀, ó lọ bá a tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ọwọ́ ọmọdé tó jóná.

Onísítúdíò jáde sí wa. “Uncle, mo lè rọra fa ohùn sílẹ̀ níparí. Á kàn máa lọ, á máa lọ, á pòórá. Nobody máa mọ̀.”

Ọ̀gá mi orí. “Ọkọ̀ tí mo fi ayé mi ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kì í pòórá láàárín odò. Ó máa ń gúnlẹ̀ ni. Àwa la máa parí rẹ̀, tàbí kí ojú kejì ṣófo.”

Sátidé kan ló kù. Gbogbo wa mọ̀ pé ọwọ́ náà kò ní lè ta orin náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́jọ́ náà.

Mo délé. Mo ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó ń ṣa ẹ̀wà nídìí tábìlì, kò gbójú kúrò lára ẹ̀wà. Ó kàn béèrè pé, “Daddy wọn, ta ló ń dúró de ta?”

“Báwo ni ta ló ń dúró de ta?”

“Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ̀yin àti àna wa lọ wọ lífìtì.”

Mo rántí. Ìtìjú ò tíì tán lára mi. Àna wa àgbà wá kí wa, a fẹ́ lọ sókè. Lífìtì ṣí. Mo ní, “Ẹ wọlé, sà.” Ó ní, “Àgbẹdọ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú.” Mo ní, “Èèwọ̀.” Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ni ọmọ.” Lífìtì pa ilẹ̀kùn dé, ó gòkè lọ ní òfìfo. Ó tún sọ̀ kalẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ la fi gun àtẹ̀gùn níkẹyìn, níbẹ̀ náà a ń jà nítorí ẹni tó máa kọ́kọ́ tẹ àkàsọ̀.

Ìyàwó mi da ẹ̀wà sínú ìkòkò. “Lífìtì yẹn lẹ gbé wọ sítúdíò,” ló wí. “Ẹ bá mi tan iná.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo pe ọmọbìnrin onílù sí kọ̀rọ̀. “Onílù ló ń pa orin dé. Kí ló dé tí o kì í pa á dé?”

Ó ṣí ojú sí mi. “Ha! Daddy! Ẹ̀yin àti Uncle ń sọ̀rọ̀, kí n wá já a gbà lẹ́nu yín? Ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni? Mo ń dúró kẹ́ ẹ sọ tẹnu yín tán.”

“Èmi náà ń dúró de ọ̀gá. Òun ló ni ẹgbẹ́, òun ló ni orin.”

“Uncle wá ń dúró de ta?”

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich Dockyard lọ́jọ́ kejì láti lọ béèrè. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní láti ọjọ́ gbọ̀ngàn Morris Walk lòun ti gbà pé àwa ará ìjọ ní àmì kan tí a fi ń mọ̀ pé orin ti tó, pé òun kàn ń dúró kí àmì náà dé ni. Ẹ̀yin èèyàn, èèyàn mẹ́ta, orin kan, kálukú na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé kí ẹnìkejì wọlé. Ọwọ́ aláìsàn ló sì ń san gbèsè rẹ̀.

Èmi àti ọ̀gá fẹnu kò pé ọmọbìnrin náà ni yóò pa á dé, mo sì lọ sọ fún un. Ó kọ̀ jálẹ̀. Mo ní mo fún un láṣẹ. Ó ní àṣẹ kọ́ ni ìṣòro. “Kí n dá ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà méjì lẹ́nu, nínú àwo tí wọ́n á máa gbọ́ títí ayé? Tí màmá mi bá gbọ́ ọ l’Abẹ́òkúta ńkọ́? Abeg, Daddy, mi ò ṣe.”

“Tí ọmọdé bá ní òwe lẹ́nu níwájú àgbà, kí ló máa ń ṣe?”

“Á tọrọ gáfárà.”

“Àgbà á wá wí pé kí ni?”

Ó wò mí lójú. “Daddy, nínú orin?”

“Ibi tí ọ̀rọ̀ bá wà náà ni gáfárà ń wà.”

Ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́, arúgbó òun ń dúró. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà tàbí kò gbà.

Sátidé kẹrin dé. Òjò wínníwínní. Ọ̀gá ti lo oògùn rẹ̀, ó jókòó, ó tẹ́ ọwọ́ òsì lé itan, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo wàrà lórí iná. Nígbà tí ọwọ́ náà dákẹ́, ó ní, “Nísinsìnyí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ lábẹ́, hùn-ùn, hùn-ùn, bí omi tó ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ọmọbìnrin náà gbá a tẹ̀lé, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni gìtá ọ̀gá wọlé, tó ń wá ọ̀nà nínú kùrukùru. Ó pè, mo dáhùn. Ó yà sápá òsì, mo tẹ̀lé e. Mo ti wa bọ́ọ̀sì nínú irú kùrukùru bẹ́ẹ̀ rí, ní ọ̀nà Plumstead, tó jẹ́ pé iná bọ́ọ̀sì iwájú nìkan lo ń rí, o kàn ń gbà á gbọ́ ni. Bí mo ṣe gba gìtá náà gbọ́ nìyẹn. Mi ò wo onísítúdíò. Mo mọ̀ pé ó ń gbé ìka sókè lẹ́yìn gíláàsì.

Ó yá, mo gbọ́ ọ. Ohùn gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n, ọ̀gá kò sì jà á mọ́. Ó fi gbígbọ̀n náà sínú okùn, gìtá ń ké bí fèrè ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Nǹkan tó dùn jù tó tà láyé rẹ̀ nìyẹn, a sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ tán.

Mo gbójú sókè wo ọmọbìnrin náà. Òógùn bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì ń lu ìlù nígbà tó dìde lórí àpótí, ó tẹ orúnkún ba níwájú wa, ó sì ké tòò:

“Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà!”

Ẹnu mi dáhùn kí n tó ronú: “Wàá pa òmíràn!”

Orúnkún rẹ̀ ti àpótí sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tó yẹ̀ yẹn fò kúrò lórí páálí rẹ̀, àpótí dojú dé: gbì! Ó kó igi méjèèjì lu abọ́ idẹ ìlù, gìtá àti béèsì sì balẹ̀ pọ̀ lórí ohùn kan náà. Ó parí.

Kò sẹ́ni tó mí títí ohùn idẹ fi rá lára ògiri.

Onísítúdíò fi ẹ̀rọ pè wá láti ẹ̀yìn gíláàsì, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. “Nineteen minutes. Kò pé ogún. Uncle, nineteen.” Ó mí kanlẹ̀. “Mo lè yọ ariwo yẹn kúrò. Ohùn wọn, àti chair tó ṣubú yẹn.”

Ọ̀gá ti ki ọwọ́ bọ abíyá. Ó béèrè ohun tí a wí. Mo là á yé e: pé ọmọdé tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà, àgbà sì fún un, pẹ̀lú àdúrà pé yóò dàgbà láti sọ òmíràn. Ó ronú sí i.

“Tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀,” ló wí, “ó máa ń forí kan èbúté. Gbì. Gbogbo èrò inú rẹ̀ ló máa ń mì síwájú díẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé àwọn ti dé. Fi í sílẹ̀.”

Ó pẹ́ kí àwo tó dé láti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sán Sátidé kan la gbé e jáde, nínú yàrá ìpàdé kan ní South Thamesmead, lẹ́bàá adágún omi. Pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó ọlọ́rùn gígùn dúró lẹ́nu ọ̀nà bí aṣọ́bodè. Àwọn ará ìjọ wá, àwọn tó bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ lórí omi wá, irun funfun àti gèlè jókòó pọ̀ lórí àga oníke. Ìyàwó mi din pọ́fù-pọ́fù. Arábìnrin kan bi mí bóyá orin ayé ni. Mo ní kó gbọ́ ọ ná.

Pásítọ̀ wa jókòó sẹ́yìn, ó ń mi orí. Nígbà tí ojú kejì dé àárín, mo rí i tó gbé ọwọ́ sókè, bó ṣe máa ń ṣe. Àwo kò dúró. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó rọra fi họ orí. Nígbà tí ọmọbìnrin náà ké nínú àwo, tí mo sì dáhùn, gbogbo ará ìjọ pariwo pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n bá mi dá a lóhùn: “Wàá pa òmíràn!” Àwọn ará ọkọ̀ ń wo ara wọn. Àpótí ṣubú. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Iwájú pátá ni ọ̀gá jókòó sí. Ó gbé àwo kan lé itan, ọwọ́ òsì rẹ̀ dì í mú. Ọwọ́ ń gbọ̀n, àwo ń gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń jó lórí àwo dúdú náà bí oòrùn lórí odò. Kò jọ ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀, ọkùnrin kan kọ̀wé sí wa láti apá ibi tí oòrùn ti ń mú yẹn ní Amẹ́ríkà. Ó ní orin náà dáa, àmọ́ ó jọ̀ọ́, kí ni obìnrin yẹn wí, kí ló sì ṣubú? Ọ̀gá ní kí n bá òun fèsì pé ẹ̀kọ́ ilé ló ṣubú lulẹ̀, kò sì fọ́.

A ò ta orin pọ̀ mọ́. Ọwọ́ náà kọ̀ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀gá pe gbogbo wa sí ilé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ pín ẹrù òun.

Mo fò sókè. “Ọ̀gá, èèwọ̀! A kì í pín ogún ẹni tó wà láàyè!”

Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́. Tí n bá dúró dìgbà tí mo bá kú, báwo ni máa ṣe rí ojú yín?”

Ó sì pín in. Gìtá bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin onílù, tí kò ta gìtá rí. Ó ti mọ ibi mẹ́ta tẹ̀ báyìí, ó máa ń tà á fún àwọn arúgbó rẹ̀, wọ́n sì máa ń sùn, mi ò mọ̀ bóyá adùn ni. Sípíkà àti àwọn àwo Amẹ́ríkà àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ onísítúdíò. Òun tún jogún nǹkan míì tí ẹnikẹ́ni kò pín fún un: láti ọjọ́ yẹn, tó bá rántí, ó máa ń wí fún mi pé “Daddy, ẹ jókòó,” lẹ́yìn náà á wo ojú mi bóyá mo gbọ́. Ìyàwó mi jogún ọjọ́ Sátidé mi, ó sì ti kún un fún iṣẹ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ fi àwo kan sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó máa ń gbé e wá síbí tó bá wá kí wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa náà ní tiwa.

Èmi ló fún ní àpótí. Ó ní kí n má tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, mi ò sì tún un ṣe. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n dìde. Tí ẹ bá gbọ́ gbì, ẹ mọ̀ pé a ti gúnlẹ̀.